Ìwé Kan Ṣoṣo fún Kíláàsì Ọjọ́rú

Alága wa, Pak Darmaji, olórí ẹ̀ka físíìsì, bàbá tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbogbo wa láìgbé ohùn sókè, mo kí yín. Bu Wening, ìyá mi nílé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ẹ̀kọ́ ẹ̀rún ìpìlẹ̀ hàn mí, àwọn ẹ̀rún tíntìntín tí a fi mọ ohun gbogbo láyé, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì rí ohun tó kéré jù wọ́n lọ, mo tẹrí ba fún yín. Ẹ̀yin olùkọ́ tó kù, mo kí yín. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tẹ́ ẹ máa ń ṣílẹ̀kùn yàrá yìí fún wa ní gbogbo Ọjọ́rú, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin àlejò láti ẹ̀ka ìṣirò, mo mọ̀ pé òórùn ìrẹsì ló pè yín, kì í ṣe èmi, síbẹ̀ ẹ káàbọ̀. Ẹ̀gbọ́n Gilang, mo kí yín. Ratri, mo kí ẹ níbi tó o sá pamọ́ sí nídìí fèrèsé. Gbogbo yín tẹ́ ẹ jókòó àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró nítorí àga ò tó, ẹ̀yin èèyàn mi ní ìlú Yogyakarta, ẹ gbọ́ mi.

Kí n tó wọlé, Ẹ̀gbọ́n Gilang dì mí lápá mú lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Tiopan, jọ̀ọ́, sọ̀rọ̀ bí ọmọ Java lónìí nìkan. Rọra sọ ọ́." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Batak ni mí, Samosir ni wọ́n bí mi sí. Bí mo bá rọra sọ ọ́, èmi fúnra mi ò ní gbọ́." Ó ní, "Wàhálà ẹ ò ní tán láyé yìí." Mo sì mọ̀ pé àdúrà ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí gbogbo wa mọ̀, tí a kàn ń fi ẹ̀rín bò. Ìdágbére mi nìkan kọ́ ló kó wa jọ. Ìrẹsì aláwọ̀ pupa rúsúrúsú yìí wà níwájú wa, ó ṣe ṣóńṣó bí òkè Merapi, ẹnikẹ́ni ò sì lè gé orí rẹ̀ títí Pak Darmaji yóò fi gbọ́ ohun méjì lẹ́nu wa. Ìkíní, ìwé kan ṣoṣo tí kíláàsì Ọjọ́rú yóò máa lò. Ìkejì, ẹni kan tí yóò máa di ṣọ́ọ̀kì mú níwájú pátákó, nítorí dókítà ti sọ fún Bu Wening pé ojú wọn gbọ́dọ̀ sinmi, wọ́n lè kọ́ni lẹ́nu, wọn ò gbọdọ̀ kọ̀wé mọ́. Bí a bá rí méjèèjì, kíláàsì yè. Bí a ò bá rí i, kíláàsì kú lónìí, a ó sì jẹ ìrẹsì òkú rẹ̀. Ṣé mo sọ ọ́ le jù? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo ti rọra sọ ọ́ nìyẹn.

Mo tún rí i pé ẹ ti ṣe àyè sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìwé wa. Àṣà wa nìyẹn: ẹni tó bá ń lọ á fi ìwé tó fẹ́ràn jù sílẹ̀ fún àwọn tó kù. Gbogbo ìwé tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ló lórúkọ ẹnì kan nínú. Mo rí bí ojú yín ṣe ń lọ sí àpò mi. Ẹ ní sùúrù. A ó dé ibẹ̀.

Abúlé ni wọ́n ti kọ́ mi níwèé. Ilé ẹ̀kọ́ wa wà lórí òkè ní erékùṣù Samosir, adágún Toba sì tẹ́ lọ nísàlẹ̀ rẹ̀ títí ojú ò fi tó o mọ́. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, olùkọ́ á dákẹ́, a ó máa wo ẹnu ara wa títí òjò á fi dá. Ìwé kan ṣoṣo tó sọ̀rọ̀ ẹ̀rún ìpìlẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àlejò kan ló fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Mo ka ìwé yẹn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já, mo fi okùn àwọ̀n ẹja bàbá mi rán an, mo tún kà á. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo gbà gbọ́ bí ọmọ ṣe ń gba ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ gbọ́. Ìwé náà ní àwọn ẹ̀rún kan wà tí wọ́n ń pè ní kúákì. Ó ní oríṣi mẹ́fà ló yẹ kó wà, pé wọ́n ti rí márùn-ún, pé wọ́n ṣì ń wá ìkẹfà.

Bí mo ṣe wọ ìlú yìí nìyẹn. Ní Ọjọ́rú tí mo kọ́kọ́ jókòó sí yàrá yìí, Bu Wening béèrè pé, "Ta ló lè sọ ohun kan fún wa nípa kúákì?" Mo dìde fùú. Mo ní, "Mẹ́fà ni wọ́n, Bu, ṣùgbọ́n wọn ò tíì rí ìkẹfà. Wọ́n ń wá a lọ́wọ́."

Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ Java, ẹ mọ ìdákẹ́jẹ́ yín yẹn. Ó burú ju èébú lọ. Ẹ̀gbọ́n Gilang ló ṣàánú mi tó là á. Ó ní, "Àbúrò, wọ́n ti rí i kí wọ́n tó bí ẹ. Àbí ìròyìn ò rí ọkọ̀ ojú omi wọ̀ dé ọ̀dọ̀ yín ni?"

Mo ní, "Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Ìwé wo?"

Mo ní, "Ìwé tiwa!"

Ìgbà yẹn ni yàrá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan nínú yín tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ ṣì ń pè mí ní Ìkẹfà títí dòní. Mo gbọ́ ọ. Mo ń jẹ́ ẹ.

Bu Wening nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dá mi dúró lẹ́yìn kíláàsì, wọ́n ní, "Ìwé yẹn ò parọ́ fún ẹ, ọmọ mi. Òótọ́ ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ló sọ. Ìwọ ni kò béèrè ọjọ́ orí rẹ̀." Ẹ̀yin èèyàn mi, àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo ti gbójú gbóyà wọ ìlú pẹ̀lú ìwé kan lórí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ìwé náà máa ń darúgbó. Ní ẹ̀kọ́ tiwa yìí pàápàá, ó ń yára darúgbó.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bu Wening mú mi lọ sí ọjà àwọn tó ń ta ìwé àlòkù. Èmi ni mo gbé wọn lórí ọ̀kadà tí mo yá. Wọ́n mú etí aṣọ mi lẹ́yìn, wọ́n ń pariwo, "Tiopan, kì í ṣe gbogbo kòtò ló yẹ kó o kí!" Nígbà tí a débẹ̀, mo fọwọ́ lé ìwé kan tó nípọn bíi bíríkì. Ọkùnrin tó ń tà á ní, "Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òkè òkun ló ń lo èyí o." Bu Wening gbà á, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní, "Ẹni tó lò ó yìí ò kọjá orí kìíní." Lóòótọ́ ni. Ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀ ti dọ̀tí, ìyókù funfun láú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, má ra ìwé nítorí pé ó nípọn. Má rà á nítorí ẹni tó ń lò ó. Ṣí i láàárín, dúró níbẹ̀, ka ojú ewé kan. Bí kò bá yé ẹ rárá, dá a padà. Bí gbogbo rẹ̀ bá yé ẹ, dá a padà. Èyí tó bá yé ẹ dé ìdajì, tí ìdajì tó kù wá ń bí ẹ nínú, òun ni tìrẹ."

Mo ṣí ìwé títí oòrùn fi yí. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìwé aláwọ̀ ewé. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú rí: ipa tí ẹ̀rún ń fi sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ, bí ìgbín ṣe ń fi ipa sílẹ̀ lórí ògiri. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó mú ìṣirò wọlé. Ó fi ìdáhùn sí ẹ̀yìn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, ìwọ̀nba tí ẹni tó dá wà lè fi mọ̀ bóyá òun ń ṣìnà. Ojú ewé kẹta tí mo kà ló bí mi nínú. Mo rà á. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ìwé wo ló yẹ kí èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀rún ìpìlẹ̀, mi ò kì í jẹ́ kó parí ìbéèrè.

Ṣùgbọ́n ìwé míràn, ìwé pupa, ni Ẹ̀gbọ́n Gilang fẹ́ràn. Ẹ ò gbàgbé ìpàdé tí a fi yan ìwé, ẹ ò lè gbàgbé ẹ̀. Bu Wening ò sí níbẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n lọ rí dókítà ojú. Ẹ̀gbọ́n Gilang dìde, ó ní ìwé pupa ló létò jù, ó ní ìdí ọ̀rọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ní ẹni tó bá kà á tán á lè ka èyíkéyìí. Mo ní, "Ta ló kà á tán?" Ó ní, "Èmi." Mo ní, "Ẹlòmíràn ńkọ́?" Ó ní, "Àbúrò, ìwé ewé tìẹ yẹn, àwòrán ló kún inú ẹ̀. Ṣé a fẹ́ kọ́ físíìsì ni àbí a fẹ́ fi ṣe ògiri lẹ́ṣọ̀ọ́?" Mo ní, "Ìwé pupa tiyín, ẹ gbé e sábẹ́ tábìlì tó ń mì, ibẹ̀ ló ti máa wúlò." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Àwọn tó fẹ́ ewé jókòó sápá kan, àwọn tó fẹ́ pupa jókòó sápá kejì, àwọn tí wọn ò fẹ́ nǹkan kan ń jẹ ẹ̀pà.

Pak Darmaji wá dá sí i. Bàbá, mo fẹ́ràn yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ ní, "Ẹ jẹ́ ká má ṣe ohun tó máa mú kí ojú ti ẹnikẹ́ni. Ìwé méjèèjì dára. Ẹ lo ìwé ewé títí dé ìdajì sáà, kí ẹ wá lo ìwé pupa dé ìparí." Gbogbo yàrá mí kanlẹ̀. Orí ń mì, ẹ̀rín ń yọ, inú apá ewé dùn, inú apá pupa dùn, àwọn ẹlẹ́pà pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mo ní, "Rárá." Wọ́n ní, "Kí ló dé?" Mi ò mọ ohun tó dé. Mo kàn ní, "Mi ò fẹ́ ni." Ẹ ò rí i? Orí kunkun nìkan ni, kò sí ọgbọ́n nínú ẹ̀. Wọ́n sì ti mọ orí kunkun mi, wọ́n kọjá lára ẹ̀.

Ibí la ti ṣe àṣìṣe tó jẹ́ pé, lójú tèmi, àwa nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn àlejò wa lóye ẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà mọ́tò ṣàlàyé. Níbí yìí, ọwọ́ òsì ọ̀nà la ti ń wa ọkọ̀. Ní ìlú àwọn ẹlòmíràn, ọwọ́ ọ̀tún ni. Ta ló ṣìnà nínú wọn? Kò sí. Oníkálùkù ń délé rẹ̀ láyọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìwé wa. Nínú ìṣirò tiwa, àkókò àti àyè ò lè gba àmì kan náà. Bí ọ̀kan bá gba àmì àròpọ̀, èkejì gbọ́dọ̀ gba àmì àyọkúrò. Ìwé ewé fún àkókò ní àròpọ̀, ó fún àyè ní àyọkúrò. Ìwé pupa yí i padà. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni ìwé kọ̀ọ̀kan ti sọ èyí tó yàn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹnì kan tó rántí nígbà tí inú wa ń dùn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwa ò wò ó. A wa ọkọ̀ lọ́wọ́ òsì dé ìdajì ọ̀nà, a wá rọra bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún kí ojú má bàa ti ẹnikẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ tí a ṣí ìwé pupa gan-an ni àwọn àgbà láti ọ́fíìsì òkè wá wo kíláàsì wa, bóyá ó yẹ kó máa wà. Ratri ni iṣẹ́ bọ́ sí lọ́wọ́. Ratri tí kì í sọ̀rọ̀, ọmọ Wonosari, tó máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tán kí àwa tó ra páálí bébà. Ó ní kí òun wá ìwúwo ẹ̀rún kan. Ó mú ìlànà tí a kọ́ nínú ìwé ewé, ó gbé e sínú ìṣirò ìwé pupa. Kò sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ̀n, kò sí ìlà kan tó fò. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ pátákó, ìlọ́po ìwúwo yẹn pẹ̀lú ara rẹ̀ jáde ní iye tó kéré ju òfo lọ, ohun tí iye kankan tí a fi ara rẹ̀ lọ́po kì í ṣe.

Ó dúró, ó wò ó. Ó pa á rẹ́, ó tún un ṣe, ó tún jáde bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò yẹn ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rún tìẹ yìí, ṣé bí wọ́n bá gbé e lé ìwọ̀n, ìwọ̀n ló máa gbéra sókè?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Ratri gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó nu ọwọ́, ó lọ jókòó. Láti ọjọ́ náà títí di òní yìí, kò fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì mọ́.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Bu Wening, tí wọ́n ti ń sinmi ojú nílé láti ọjọ́ ìpàdé yẹn, padà wá, wọ́n ní kí n ka iṣẹ́ Ratri sókè fún àwọn, nítorí ojú wọn. Mi ò tíì kà á dé àárín tí wọ́n fi ní, "Dúró. Ìwé wo lẹ ń lò?" Mo ní, "Méjèèjì, Bu." Wọ́n ní, "Méjèèjì?" Wọ́n fọwọ́ bo ojú, èjìká wọn ń mì, mo rò pé wọ́n ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí ò ṣe àṣìṣe kankan. Ẹ̀yin lẹ gbé e gun ọkọ̀ tó yà sí ọwọ́ kejì láàárín ọ̀nà." Ọ̀nà kan ò wọjà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un: ẹsẹ̀ kan ò lè tọ ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdí tí Pak Darmaji fi ní kó jẹ́ ìwé kan ṣoṣo nìyẹn. Wọn ò fi agídí di ọ̀rọ̀ ara wọn mú. Wọ́n lọ bá àwọn àgbà ọ́fíìsì òkè, wọ́n bẹ̀ wọ́n, wọ́n gba àyè yìí fún wa. Bàbá, ẹ ṣeun. Mo ti sọ̀rọ̀ sí yín bí ẹni sọ̀rọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ò fi ọjọ́ kan dá a padà fún mi. Ìgbà tí ìyá mi fi ẹja adágún tó fi ata ilé wa sè ránṣẹ́, ẹ jẹ ẹ́, omi ń jáde lójú yín, ẹ ń sọ pé ó dùn. Mo mọ̀ pé ẹnu yín ń jó. Ìfẹ́ nìyẹn, mo rí i.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, mo ti gbá ilẹ̀kùn yín bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin tí mo gba ìwé pupa lọ́wọ́ yín, tí mo ní kí ẹ lọ tún èrò yín pa, ẹ forí jì mí. Ẹ̀gbọ́n Gilang, mi ò mọ bí mo ṣe lè bẹ̀ yín láìrẹ́rìn-ín. Ẹ ti bá mi jà títí a fi di ọmọ ìyá. Nígbà tí ibà dè mí mọ́lẹ̀ ní yàrá mi, ta ló gbé ọbẹ̀ adìẹ wá? Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ ṣí ìwé pupa, ẹ ń kà á sí mi létí, ẹ ní bí mi ò bá tètè yá, ẹ ó kà á dé ìparí. Mo yá lọ́jọ́ kejì.

Ó wá yá wàyí. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Èmi ń lọ sí Samosir, ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí òkè yẹn ló gbà mí síṣẹ́ olùkọ́. Ẹ̀gbọ́n Gilang ti ríṣẹ́ ní Magelang, gbogbo Ọjọ́rú ló sì bọ́ sí. Ta ló kù tó ti rin ẹ̀kọ́ yìí já? Gbogbo yín mọ̀ ọ́n, ẹ má wo ilẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá Ratri nídìí kẹ̀kẹ́ ẹni tó ń ta núdù. Mo ní, "Ratri, ìwọ ló kù." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó rí ẹ̀rún tó ń fò kúrò lórí ìwọ̀n, ṣé òun lẹ fẹ́ kó máa kọ́ni?" Mo ní, "Bu Wening ti sọ pé o ò ṣàṣìṣe." Ó ní, "Bu sọ fún wa. Ta ló sọ fún àwọn tó rẹ́rìn-ín?" Èmi, Tiopan Sihaloho, mo yíjú sí ẹni tó ń ta núdù, mo ní kó fi ata kún tèmi. Ó san owó núdù ẹ̀, ó tún wojú mi, ó ní, "Àti pé bí mo bá tiẹ̀ gbà, ìwé yín á ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Gbogbo ẹni tó bá wọlé á fẹ́ mú un nítorí pé ìwé Ẹ̀gbọ́n Tiopan ni. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á tún gé sáà sí méjì. Mi ò dúró síwájú pátákó fún ìyẹn mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi sùn, ó bá mi jí.

Nítorí náà, mo fẹ́ sọ ọ́ níwájú Pak Darmaji, níwájú gbogbo ẹ̀ka, níwájú àwọn ará ìṣirò, kó lè dé ibi tí ẹ̀rín yẹn dé. Iṣẹ́ tí Ratri ṣe lórí pátákó yìí mọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìpàdé wa ló ṣàṣìṣe. Gbogbo wa tí a mi orí la ṣe é. Èmi tí mo ní rárá náà wà níbẹ̀, torí bí mo bá fi ojú ewé àkọ́kọ́ hàn yín dípò kí n fi orí kunkun mi hàn yín, ẹ̀ bá gbọ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀yin ará ìṣirò náà, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ jù pé àmì kan lè ba ilé jẹ́.

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n ṣí àpò.

Èyí ni ìwé ewé. Ẹ wò ó dáadáa. Òun lẹ ṣe àyè sílẹ̀ fún. Mi ò ní fi í sílẹ̀.

Ẹ má pariwo. Mo mọ àṣà. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó lọ rí tí kò fi tiẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Gilang, ẹ jókòó. Bí mo bá fi ìwé yìí sínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀ nítorí mi, ẹ ó tún pín ọ̀nà sí méjì. Ẹ̀bùn tó dára jù tí mo lè fún kíláàsì yìí ni kí n gbé ìwé mi kúrò níbẹ̀. Ó ń bá mi lọ sílé. Pẹpẹ kan wà lórí òkè lọ́hùn-ún tí ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n fi okùn àwọ̀n rán dá jókòó lé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìwé ewé máa jókòó sí, kí ọmọ míràn má bàa tún wá láti abúlé wa, kó dìde fùú níwájú yín, kó ní wọ́n ṣì ń wá ìkẹfà.

Ṣùgbọ́n mi ò lè lọ kí àyè yẹn ṣófo. Èyí ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n Gilang, ẹ mọ àwọ̀ yẹn? Bẹ́ẹ̀ ni, pupa ni. Tèmi ni, mo dà á kọ ní ṣọ́ọ̀bù ìkángun òpópó, mo ní kí wọ́n fi bébà pupa dì í kí n má bàa rí àwáwí. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kà á. Mo ti kà á tán. Ẹ ti béèrè lọ́wọ́ mi rí pé ta ló kà á tán? Rárá, èmi ni mo béèrè. Ó dára, ẹni méjì ti kà á tán báyìí. Ìdáhùn tí kò sí ní ẹ̀yìn rẹ̀, mo ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè. Orí kẹta rẹ̀ ò dára, mo ṣì dúró lórí ìyẹn. Ó bí mi nínú gan-an. Bu Wening, mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Mo rántí, Bu. Èyí tó bá ń bí ni nínú ni tẹni.

Pak Darmaji, ìwé kan ṣoṣo tẹ́ ẹ béèrè nìyí. Apá ewé ti gbà. Èmi ni apá ewé, mo sì ti gbà.

Ó ku ẹnì kan. Ratri, mi ò ní pè ẹ́ wá síwájú. Wọ́n ti pè ẹ́ wá síwájú tó. Mo kàn fẹ́ béèrè níbi tó o wà yẹn.

Kí lo wí? Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ n gbọ́. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni ìwé ewé ń lọ.

Wò ó, mo ti dá a padà sínú àpò. Mo ti fa síìpù. Ọkọ̀ òfuurufú mi ń gbéra láàárọ̀ ọ̀la, òun á sì jókòó lórí itan mi.

Kí ló tún wí? Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ní kí n kúrò níwájú pátákó, mo ti dí òun lójú.

Mo ti kúrò. Ẹ fún un ní ọ̀nà, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín. Ṣọ́ọ̀kì wà ní apá ọ̀tún, Ratri, èyí tó gùn. Ẹ wo ohun tó ń kọ: àkókò, àyọkúrò. Àyè, àròpọ̀. Ó fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Bu, bí ojú yín ò bá rí i, ẹ fọkàn balẹ̀, àmì ìwé pupa ló wà níbẹ̀, òun nìkan ṣoṣo, pẹ̀lú ọwọ́ ọmọ Wonosari.

Bàbá, ẹ ti gba méjèèjì. Ẹ mú ọ̀bẹ.

Kí ojú Bu Wening mọ́lẹ̀ kedere kó tó di ọdún tuntun. Kí ọwọ́ Ratri má gbọ̀n. Kí ọ̀nà Magelang dán fún Ẹ̀gbọ́n Gilang, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lágídí bíi tèmi, kó lè máa rántí mi. Kí Pak Darmaji pẹ́ fún wa, kí ìlàjà tí wọ́n bá tún ṣe máa yọrí sí rere. Kí kíláàsì Ọjọ́rú má ṣe kú lójú ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ọmọ abúlé tó gbàgbé ọjọ́ orí ìwé rẹ̀, ẹ kò ní wá ohun kan tì. Bí ẹ bá wá sí Samosir, ẹ béèrè Ìkẹfà. Wọ́n á mú yín wá sọ́dọ̀ mi, torí èmi fúnra mi ni mo máa sọ ìtàn náà fún wọn.

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ gbà mí bí mo ṣe rí o. Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ jẹ́ ká jẹun.